Ẹ Má Fi Wá Ṣe Pàṣán: Kérésìmesì àti Àríyànjiyàn Àwọn Onígbàgbọ́ ní Ilẹ̀ Àkókó

 

Oṣù Ọ̀pẹ ti dé, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún sì ti tẹ̀lé e dé. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ kiri: pé ọdún òrìṣà oòrùn àwọn ará Róòmù ni Kérésìmesì, pé igi tí wọ́n ń tan iná mọ́ lára nínú pálọ̀, igi òrìṣà ni, pé abọ̀rìṣà ni àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn, kí wọ́n yé nàka sí wa. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi fídíò pásítọ̀ tí ó wàásù bẹ́ẹ̀ kún un, bí ẹni pé nígbà tí pásítọ̀ ti jẹ́rìí sí i, ẹjọ́ ti parí.

N kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ara wa ni à ń nà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi rí i bẹ́ẹ̀, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo mọ̀ jù lọ, èyíinì ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà.

Ọmọ Ọ̀kà ni bàbá tí ó bí mi; Ìkàrẹ́ ni ó ti fẹ́ ìyá mi. Ọ̀nà tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì kò gùn. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, òkè Ọ̀kà ti yọ sí ènìyàn nìyẹn. Síbẹ̀, bí a bá gba ọ̀nà yìí ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ, tí a ń yà sí ilé àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé ẹ̀sìn tí à ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè kò gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ní Ìkàrẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, màmá ti ṣe àìsùn, òórùn tùràrí sì ti wọ aṣọ funfun wọn. Áńgílíkà ni àwọn tí ó wà ní ilé kejì sí tiwọn: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi palẹ̀ mọ́, wọ́n ti kọ orin ìbí Jésù lálẹ́ títí ohùn wọn fi há, aṣọ tuntun sì ti wà lọ́rùn àwọn ọmọ wọn. Ní Ọ̀kà, ìyàwó àbúrò bàbá mi jẹ́ Àgùdà. Òru ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ère ìkókó náà sínú koríko ní ibùjẹ ẹran, níwájú pẹpẹ. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ń gun Òkè Màríà lọ gbàdúrà, lórí àpáta ilẹ̀ wa tí àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí bí òkè ṣe lè jẹ́ òkúta lásán. Ní ti àwọn Sẹ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbélé rárá ní àkókò yìí: Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n sin Oshoffa sí, ni wọ́n ń wọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ní Àkùngbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ọjọ́ yìí kò sì yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn lójú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i kú ọdún, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì kí onítọ̀hún kú àárọ̀. Ìgbà kan wà tí àwọn Ẹlẹ́rìí pàápàá ń ṣe Kérésìmesì. Ọdún 1926 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn ní oríléeṣẹ́ wọn ní Brooklyn. Lónìí, ìrántí ikú Jésù nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ìjọ Deeper Life, tí William Kumuyi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì kékeré ní Yunifásítì Èkó ní 1973, kì í ṣe ọdún náà bákan náà. Ìpàgọ́ ni àwọn ọmọ ìjọ náà ń lọ ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, fún ẹ̀kọ́ àti àdúrà. Àwọn àna wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n sì pọ̀ jọjọ ní Ìkàrẹ́, ń jẹ ìrẹsì ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé e wá. Nínú gbogbo wọn, mo rò pé àwọn ni ọkàn wọn balẹ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Kí ni ó fa ìyapa yìí? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa kí a tó ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Mátíù sọ ti àwọn amòye láti ìlà-oòrùn. Lúùkù sọ ti àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí wọ́n ń ṣọ́ ẹran ní pápá lóru, èyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kò lè jẹ́ ìgbà òtútù. Máàkù àti Jòhánù kò tilẹ̀ sọ ìtàn ìbí náà. Ní nǹkan bí ọdún 200, Clement ará Alẹkisáńdíríà ka oríṣiríṣi ọjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ìgbà rẹ̀ ń pè ní ọjọ́ ìbí náà: àwọn kan ní oṣù Igbe ni, àwọn kan ní Èbìbí. Kò dárúkọ ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ rárá. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní 354, tí apá kan rẹ̀ ti wà láti 336, ni ó kọ́kọ́ fi ìbí Jésù sí ọjọ́ náà. Ìwé yìí kan náà, ní apá mìíràn, fi ọjọ́ ìbí Aṣẹ́gun, èyíinì ni òrìṣà oòrùn tí Olú-ọba Aurelian kọ́ tẹ́ńpìlì fún ní 274, sí ọjọ́ kan náà gan-an. Láti ibi yìí ni ẹ̀sùn “ọdún òrìṣà oòrùn” ti jáde.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ gbà pé ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ni Jésù kú, wọ́n sì gbà pé ọjọ́ tí ó kú yẹn náà ni ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀. Bí a bá ka oṣù mẹ́sàn-án láti ibẹ̀, ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń búra pé láti inú ìbọ oòrùn ni Kérésìmesì ti wá ń búra lé ohun tí àwọn tí ó ka ìwé náà ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ṣì ń jiyàn lé lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi. Jeremáyà orí 10, tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, ń bá àwọn tí ó ń gbẹ́ ère wí. Ó ti wà lákọsílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi wọ ilé fún Kérésìmesì.

Ọjọ́ náà pàápàá kò dọ́gba. Àwọn ará Àméníà ń ṣe ọdún ìbí Jésù ní ọjọ́ 6 oṣù Sẹ́rẹ́, pọ̀ mọ́ ọdún ìrìbọmi rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Sẹ́rẹ́ ni ti àwọn onígbàgbọ́ Ẹtiópíà, nítorí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì Yukréènì wà lórí ọjọ́ 7 yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì gbé e padà sí 25 oṣù Ọ̀pẹ ní 2023, nítorí wọn kò fẹ́ bá Rọ́ṣíà ṣe ọdún pọ̀ mọ́. Ẹ rí i pé ogun lè yí ọjọ́ ìbí padà.

Bí ó bá sì jẹ́ ti ìfòfindè ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe èyí tí ó ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Àkókó. Ní 1647, nígbà tí àwọn Pùrítánì ń ṣèjọba, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fòfin de Kérésìmesì, wọ́n ní ìṣe Àgùdà àti ti abọ̀rìṣà ni. Àwọn tí ó rékọjá lọ sí Massachusetts ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn sílílè márùn-ún lé ẹni tí wọ́n bá bá níbi tí ó ti ń ṣe é. Òfin yẹn wà láti 1659 títí di 1681. Ní Skọ́tíláńdì, ọdún 1958 ni Kérésìmesì tó di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Orí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà wa ṣe é.

Àwọn tí ó gbé ẹ̀sìn náà wá sọ́dọ̀ wa kì í ṣe Pùrítánì. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS ni wọ́n ṣe Kérésìmesì 1842 ní Àgbádárìgì, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ká ní àwọn ará Massachusetts ni ọkọ̀ kọ́kọ́ gbé dé etíkun yẹn, bóyá a kì bá tí mọ ohun tí à ń pè ní ìrẹsì Kérésì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ọmọ Ìkàrẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí Moses Orímọládé Túnọláṣe sí, ní nǹkan bí ọdún 1879, ní ìdílé ọba. Arọ ni ní kékeré. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń sọ ọ́ títí di òní pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan gbọ́ orin nínú ilé ìjọsìn Stefanu Mímọ́ ní Ìkàrẹ́ lóru, tí ó sì rò pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, àṣé ọmọ kékeré yìí nìkan ni. Òun àti Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n ni wọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Wọ́n yapa ní 1929. Ó sì papò dà ní 1933. Nínú ìjọ tí ó fi sílẹ̀, ẹ ó bá aṣọ funfun, omi, àbẹ́là, tùràrí, ìran rírí, àti orí òkè. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìjọ náà yóò sọ pé inú Bíbélì ni gbogbo rẹ̀ ti wá, n kò sì ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà ní Àkókó kò nílò kí a tẹ̀ ẹ́ nífá kí ó tó mọ ibi tí funfun àti omi ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí Orímọládé tó dé.

Ìdí tí mo fi mú Orímọládé wọlé ni pé àwọn ìjọ ìsọjí òde òní ń pe àwọn Aládùúrà ní abọ̀rìṣà tí ó wọ aṣọ funfun. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù ní ọjà, pẹ̀lú gbohùngbohùn. Àwọn Aládùúrà yìí kan náà, ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ wọn, ni wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú tí wọ́n ń kó ère àti ohun ìbọ àwọn ènìyàn jọ, tí wọ́n ń dáná sun ún. Àwọn Pùrítánì pe Àgùdà ní abọ̀rìṣà. Àwọn tí kì í ṣe Kérésìmesì pe àwọn tí ó ń ṣe é ní abọ̀rìṣà. Gbogbo wọn pe Aládùúrà bẹ́ẹ̀, Aládùúrà sì pè wá bẹ́ẹ̀. Pàṣán kan náà ni ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, inú igbó wa ni wọ́n sì ti gé igi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa, láìdárúkọ ènìyàn tàbí ìjọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ tí ó kọjá, bàbá kan nínú wa ní kí wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ fún àbúrò mi ọkùnrin. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè jẹ ẹ́. Oúnjẹ òrìṣà ni.”

Bàbá gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀. “Èmi tí mo kọ́ ọ ní á-bí-dí, tí mo mú ọ lọ sí ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni ò ń pè ní abọ̀rìṣà nílé mi?”

“Ẹ̀yin kọ́ ni mo pè bẹ́ẹ̀, bàbá. Ọdún náà ni.”

“Ọdún náà ni èmi! Kó abọ́ rẹ kúrò níbí.”

Ojú wọn kò tún pàdé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì sí i, olórí ẹbí pe gbogbo wa jọ sí ojúlé. Ó ní a ti wà nílé tán, kí a lọ sí ojú oórì àwọn bàbá wa, kí a bu omi tútù síbẹ̀, kí a da obì, kí a sì dárúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ọdún náà fún wọn. Kò sí ẹran nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ju omi, obì, àti orúkọ lọ. Bàbá tí ó lé àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ dìde: “Ẹ yọ tèmi kúrò níbẹ̀. Ìbọ̀rìṣà nìyẹn.” Àbúrò mi dìde tẹ̀ lé wọn: “Ẹ ṣeun, bàbá. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.” Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jáde, ọwọ́ bàbá sì wà léjìká ọmọ. Èkejì ọ̀rọ̀ ìrẹsì kò tún jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Inú àgbàlá ni mo dúró sí tí mo ń wò wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi.

Ẹni tí ó kọ Kérésìmesì sọ pé ọ̀dọ̀ abọ̀rìṣà ni ó ti wá, nítorí náà ó jẹ́ ẹlẹ́gbin. Ẹni tí ó ń ṣe é dáhùn pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ abọ̀rìṣà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, nítorí náà ó mọ́. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe gbà pẹ̀lú ara wọn lórí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù: pé ẹ̀gbin ni ohun tí abọ̀rìṣà bá fọwọ́ kàn. Bóyá wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí wọn kò fọ̀ ọ́ nìkan ni wọ́n ń jà lé. Nígbà tí ọmọ Ìṣẹ̀ṣe bá wá bọ́ sí àárín wọn, tí ó ń pariwo pé “abọ̀rìṣà ni yín,” kí ni ó sọ? Ó ti fọwọ́ sí i pé orúkọ òun jẹ́ èébú. Abọ̀rìṣà ni mí. Orúkọ mi ni. Bàbá mi jẹ́ ẹ kí ó tó kú. N kò lè mú un ju ẹlòmíràn bí òkò, kí n tún retí kí ọmọ mi jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀ lọ́la.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní òtítọ́ ni ìtàn, kí ló burú nínú kí a sọ ọ́? Kò burú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni. Kí a sọ ọ́ bí ìtàn, ṣùgbọ́n kí a sọ gbogbo rẹ̀. Ní 601, Póòpù Gírẹ́górì Kìíní kọ̀wé sí Mellitus, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rán lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n má wó ilé òrìṣà wọn. Ère inú rẹ̀ ni kí wọ́n fọ́, kí wọ́n bu omi mímọ́ wọ́n ilé náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa pa màlúù wọn jẹ ní àjọ̀dún àwọn ẹni mímọ́. Ẹni tí ó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ilé òrìṣà jẹ́ ilé tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn, pé ọdún wọn ń mú wọn pé jọ, pé bí òun bá gba èyí lọ́wọ́ wọn, òun ti gba ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé Kérésìmesì jókòó sórí àga ọdún oòrùn, ohun tí ìtàn yẹn fi hàn ni pé àwọn àtijọ́ Róòmù mọ ọdún í ṣe, débi pé ẹni tí ó ṣẹ́gun wọn kò lè ṣe é kí ó má jogún rẹ̀. Ó jẹ́ oríyìn fún abọ̀rìṣà. Àwa ni a ń kà á bí ẹ̀gàn.

Ìjà lórí ọjọ́ pàápàá, àwa kọ́ ni ó yẹ kí a máa fi í ṣẹ̀sín. Ta ni nínú wa ni ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Ògún? Kò sí ẹni tí ó béèrè rí. Òṣùpá ni a ń wò, ọ̀sẹ̀ ni a ń kà, awo yóò dá Ifá, ọba yóò gbọ́, wọn yóò sì kéde fún ìlú. Ọjọ́ tí ìlú bá pé jọ ni ọjọ́ ọdún. Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ tí a bí ọmọ kò tilẹ̀ ṣe kókó tó ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn Áńgílíkà ní ohun tí ó jọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kíyè sí i: ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́rẹ́ nínú kàlẹ́ńdà ìjọ wọn jẹ́ ọjọ́ ìkọlà àti ìsọlórúkọ Jésù, ọjọ́ kẹjọ gééré. Ìyá mi, tí kò kàwé, ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé “ìkómọ ni wọ́n ń ṣe lọ́dún tuntun,” mo sì rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ohun kan wà tí ó dùn mí ju gbogbo ẹ̀fẹ̀ orí fóònù lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń pe Kérésìmesì ní ọdún òrìṣà kì í wálé nígbà ọdún òrìṣà. Oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n ń wálé, pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń bú, nínú ọkọ̀ kan náà, lórí ìsinmi kan náà. Lọ́dún tí ó kọjá, àwọn kan nínú wọn mú àbá wá pé kí a kúkú gbé àwọn ọdún ìbílẹ̀ wa sí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, kí gbogbo ènìyàn lè pé. Mo gbọ́ àbá náà, mo sì mọ ibi tí ó ti wá. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ti gbé ọjọ́ àjọṣe ìlú, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìlú isu ni Ọ̀kà. Bí a bá gbé ọdún ìjẹṣu sí oṣù Ọ̀pẹ, ta ni yóò pe isu náà ní tuntun? Yóò ti di isu inú àká tí gbogbo ilé ti ń gún jẹ fún oṣù púpọ̀. Àwọn baba wa kò yan àkókò yẹn ní yíyàn lásán. Ilẹ̀ ni ó yàn án fún wọn. Àwọn ará Róòmù lè pààrọ̀ ohun tí ó wà nínú ọjọ́ kan kí ọjọ́ náà sì dúró. Ọdún isu kò ní ohun mìíràn nínú yàtọ̀ sí isu.

Ìjọba Nàìjíríà fún Kérésìmesì ní ọjọ́ méjì, 25 àti 26. Ọjọ́ 20 oṣù Ògún ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ní 2023, ìjọba Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, tí ó sì fẹ́ kí n gbà pé ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ni òun, kí ó fi díẹ̀ nínú ìsinmi ọdún rẹ̀ sí àkókò yẹn, kí ó wọ ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ sí Ọ̀kà nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ọ̀nà kò dára, tí kò sí èrò tí yóò fi fọ́tò rẹ̀ hàn. Mo ti ka iye àwọn tí wọ́n wálé fún ọdún isu ní agboolé wa. Ìka ọwọ́ mi tó o.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí a gbà lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́ kò le. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Àkùngbá kò ṣe Kérésìmesì, kò sí ẹni tí ó fọ́ fèrèsé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n lọ sí ìpàgọ́ kò dá àwọn tí ó ń gun Òkè Màríà lọ́nà. Wọ́n ń pe ara wọn ní abọ̀rìṣà, wọ́n sì tún ń ra tòmátì lọ́wọ́ ara wọn ní ọjà Ìkàrẹ́. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń gbà pé ẹlòmíràn ṣìnà kí a sì jẹ́ kí ó kọjá. Kí wọ́n na ìyẹn dé ojú oórì bàbá wa. Bàbá tí ó dìde nínú ìpàdé ẹbí lè dúró sí ẹ̀yìn odi nígbà tí a bá ń bu omi. Kí ó sáà má pe ọlọ́pàá, kí ó má sì fi ilé ẹbí sílẹ̀ fún ìjọ rẹ̀ láti wá “yà á sí mímọ́” nígbà tí a kò bá sí nílé, bí ẹnì kan ti ṣe ní agboolé kan tí mo mọ̀, tí wọ́n fi kó igbá àwọn ìyá wọn dà sí ààtàn.

Èyí ni mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí ó béèrè bóyá n ó wálé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun kò lè bá wa da obì, ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á. Mo ní n kò bi í. Ó ní ṣùgbọ́n òun lè bá wa gé koríko ojú oórì náà kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí bàbá òun náà ni ó wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé àdá wà nílé, kí ó dé ní ọjọ́ 26, kí ó sì mú ọmọ rẹ̀ tuntun dání, nítorí orúkọ ọmọ náà wà lára àwọn tí olórí ẹbí yóò pè.